Àwọn Igi Tí Ìyá Ojoku Kì í Pè Lórúkọ

Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́mọkùnrin, igbó kan wà lẹ́yìn ibùdó rélùwéè ní Ọ̀fà. Igbó Ìjọba ni gbogbo ìlú ń pè é. Kì í ṣe igbó kìjikìji tí ẹranko búburú ń gbé. Wọ́n ní òyìnbó rélùwéè kan tó fẹ́ràn kó máa rìn kiri ní ìrọ̀lẹ́ ló bẹ àwọn àgbà ìlú pé kí wọ́n má gé igi ibẹ̀ mọ́. Ó ní kí àwọn òṣìṣẹ́ la ọ̀nà tóóró kan gba àárín rẹ̀, kí wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ tó ṣẹ́kù lára ti ojú irin sí i, kí wọ́n sì fi sìmẹ́ǹtì ṣe ìjókòó mẹ́rin sábẹ́ igi. Nígbà tí èmi máa fi dé ibẹ̀, òyìnbó náà ti padà sílé rẹ̀ tipẹ́. Àwọn ewúrẹ́ ló ń sùn lórí ìjókòó rẹ̀.

Ọmọ Ọ̀fà ni mí, ṣùgbọ́n Kàdúná ni wọ́n bí mi sí, nítorí ibẹ̀ ni bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́ rélùwéè. Inú ilé àwọn òṣìṣẹ́ la ń gbé, igi méjì péré ni mo sì lè nawọ́ sí kí n sọ orúkọ rẹ̀ láìṣì í: máńgòrò àti dóńgóyárò. Àwọn igi yòókù tí ìyá mi máa ń dárúkọ nínú àlọ́, ẹnu lásán ni mo ti mọ̀ wọ́n, bí èèyàn ṣe ń mọ orúkọ ìbátan tí kò fojú rí rí.

Ẹni tó mọ igi méjì ni yunifásítì Ìbàdàn gbà wọlé láti kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ewéko. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira ni. Ní òpin ọdún àkọ́kọ́, mo yege nínú gbogbo iṣẹ́ àfi ti ewéko gan-an. Olùkọ́ wa, ọkùnrin Ìjẹ̀ṣà kan tí kì í rẹ́rìn-ín, pè mí. Ó ní kí n lo ìsinmi gígùn láti ṣa ogójì ewéko jọ ní ìlú mi, kí n tẹ̀ wọ́n gbẹ sáàárín bébà, kí n sì kọ orúkọ tí àwọn ará ìlú ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan sí abẹ́ rẹ̀.

"Orúkọ tó péye," ló wí. "Bí mo bá rí ìwé náà tó dára, wàá bọ́ sí ọdún kejì. Bí kò bá dára, má wulẹ̀ tú ẹrù rẹ."

Mo kọ̀wé sọ fún bàbá mi. Èsì rẹ̀ dé kíá. Ó ní kí n má bẹ̀rù ohunkóhun, òun ti bá ọ̀gá òun sọ̀rọ̀, wọ́n sì ń dá ipò kan sílẹ̀ fún mi níbi tí wọ́n ti ń fọ ẹ́ńjìnnì. Ó fi kún un pé iṣẹ́ tó dára ni. Mo ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo sì di ẹrù mi, ó di Ọ̀fà.

Ilé bàbá mi ní Ọ̀fà, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló ń gbé ibẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó àti àwọn ọmọ, àti ìyá wọn, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà. Ìyàwó àbúrò bàbá mi yìí ni à ń pè ní Ìyá Ojoku, nítorí Ojoku ni wọ́n ti gbé e wá, ọdún mẹ́rìnlá ṣáájú ohun tí mò ń sọ yìí. Ìyàwó tó gba ẹ̀kọ́ ilé dáadáa ni. Kò pe ẹnikẹ́ni tó bá nínú ilé náà lórúkọ, títí dé ọmọ ọwọ́ tí wọ́n bí ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìgbéyàwó rẹ̀. Gbogbo wa ló fún ní orúkọ tirẹ̀. Bàbá mi ni Ọ̀gá Ẹ́ńjìnnì. Àbúrò wọn obìnrin ni Eyín-funfun. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà ní Kàdúná lọ́jọ́ tó wọlé, Akọ̀wé ló ń pè mí, nítorí wọ́n sọ fún un pé mo ti ń lọ sílé ìwé.

Ọkọ ni mo jẹ́ fún un nínú ilé, nítorí náà "ẹ" ló ń sọ sí mi, bẹ́ẹ̀ ó dàgbà tó ẹni tó lè pọ̀n mí sẹ́yìn. Èmi náà ń sọ "ẹ" sí i nítorí ọjọ́ orí. Àwa méjèèjì ń "ẹ" ara wa káàkiri ẹ̀yìnkùlé bí ìjòyè méjì.

Ẹ̀kọ ló ń tà, inú Igbó Ìjọba ló sì ti ń já ewé tó fi ń pọ́n ọn. Kò sí ẹni tó mọ igbó náà tó o nínú ilé. Nígbà tí mo sọ ìṣòro mi fún un, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró.

"Ogójì péré?" ló wí. "Mo rò pé ẹ fẹ́ kó gbogbo igbó lọ sí Ìbàdàn ni."

Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì la kọ́kọ́ lọ. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, ilẹ̀ ń rùn bí ìkòkò tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da omi sí. Omi ṣì ń kán láti orí ewé kan bọ́ sórí òmíràn, débi pé èèyàn máa rò pé òjò kejì ń rọ̀ nínú igbó nígbà tí òòrùn ti yọ níta. Àwọn ẹyẹ ẹ̀gà ń pariwo lórí ọ̀pẹ kan, gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí èyí tó ń gbọ́ ti ẹnì kejì. Ọ̀kẹ́rẹ́ kan sáré kọjá lórí ẹ̀ka, ó dúró, ó wo bàtà mi. Bàtà aláwọ̀ dúdú tí mo fi ń lọ sí kíláàsì ni mo wọ̀.

"Ó ń wò yín," ni Ìyá Ojoku wí. "Kò rí irú rẹ̀ rí. Ẹ bọ́ ọ, Akọ̀wé mi, kí ẹsẹ̀ yín lè mọ ibi tó wà."

Mo bọ́ bàtà. Òkúta òyìnbó gún mi ní àtẹ́lẹsẹ̀, lẹ́yìn náà ni koríko tútù bẹ̀rẹ̀, inú mi sì dùn láìnídìí kan pàtó.

Níbi tí ọ̀nà ti wọ abẹ́ igi ńlá kan tí ẹ̀ka rẹ̀ bo ilẹ̀ bí òrùlé, Ìyá Ojoku tẹ eékún díẹ̀.

"Ẹ kú ìdúró o, Baálé Òjìji," ló wí.

Mo wo ẹ̀yìn. Kò sí ẹnì kankan.

"Ta lẹ ń kí?"

"Igi náà ni."

"Ẹ máa ń kí igi?"

"Ṣé kí n máa gba abẹ́ wọn kọjá bí ẹni tí wọn ò kọ́ ni?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo já ewé kan, mo ṣí ìwé mi, mo sì béèrè ohun tí wọ́n ń pe igi náà. Ó wo igi, ó wo ìwé.

"Ẹ kọ Baálé Òjìji," ló wí.

Mo kọ ọ́. Bí iṣẹ́ wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ọjọ́ mẹ́fà gbáko la sì fi ṣe é, láàárọ̀ kó tó lọ pọ́n ẹ̀kọ. Bí mo bá nawọ́ sí ewéko kékeré kan nílẹ̀, kì í rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Á fi ẹsẹ̀ tọ́ka sí i. "Imí eṣú nìyẹn. Rínrín nìyẹn. Abẹ́rẹ́ nìyẹn, ẹ má jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ ṣòkòtò yín." Nígbà tí a dé ibi tí patanmọ́ tẹ́ sílẹ̀ bí ẹní, ó ní kí n fọwọ́ kàn án. Ewé náà pa dé pẹ́pẹ́pẹ́, láti ọ̀dọ̀ mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo ti ka nípa rẹ̀ nínú ìwé ní Ìbàdàn, mo tilẹ̀ ti kọ ọ́ nínú ìdánwò. N kò mọ̀ pé ó máa pa mí lẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀. Mo ń fọwọ́ kàn án kiri bí ọmọ ọdún mẹ́ta.

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n sinmi," ni Ìyá Ojoku wí. "Ojú ń tì wọ́n."

Ṣùgbọ́n bí ó bá di igi ńlá, á dákẹ́ díẹ̀, á gbé orí sókè, á sì sọ orúkọ náà jẹ́jẹ́. Igi kan wà tí òdòdó rẹ̀ pupa bí iná lórí pátápátá. Onífìlà-pupa, ló wí. Ó he ìrudi òdòdó rẹ̀ kan nílẹ̀, ó ní kí n wo inú rẹ̀ dáadáa, ó sì tẹ̀ ẹ́. Omi tú jáde, ó bà mí lójú. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Igi kan wà tí ewé rẹ̀ le bí ahọ́n ológbò, tó fi ń fọ igbá. Múgbádán, ló wí. Igi kan so èso rúsúrúsú, ó kún ilẹ̀, ó ń ta sánsán. Kanmílẹ́nu, ló wí, a sì jókòó sórí ìjókòó òyìnbó, a lé ewúrẹ́ kan dìde, a jẹ Kanmílẹ́nu títí eyín wa fi kan.

Ohun kan yà mí lẹ́nu. Apá kan igbó náà jẹ́ kìkì igi tíìkì tí ìjọba gbìn ní ìlà-ìlà, wọ́n sì ti ga ju òrùlé ibùdó rélùwéè lọ. Kò kí àwọn yẹn. Ewé tíìkì kan tó gbòòrò bí àwo já bọ́ lé e lórí.

"Ìwọ yìí, jẹ́ kí n ríran," ló wí fún igi náà, ó sì fi ọwọ́ gbá a nídìí.

"Kí ló dé tí ẹ kò kí i?" mo béèrè.

"Ta, èyí? Ojú mi ni wọ́n ṣe gbìn ín. Ọmọdé ni."

Ó yẹ kí n ti ronú jinlẹ̀ nígbà yẹn. N kò ronú. Mo rò pé àwàdà rẹ̀ ni. Àti pé, ẹni tí wọ́n bá ti sọ fún pé ewéko kan ń jẹ́ imí eṣú, òmíràn sì ń jẹ́ abẹ́rẹ́, kí ló fẹ́ sọ pé Onífìlà-pupa ṣe?

Ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí n ó padà sí Ìbàdàn, mo ti to gbogbo ewé mi sínú ìwé. Ogójì pé géérégé. Lẹ́yìn ìrun Àsárì, mo jókòó ti Ìyá Àgbà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sì ní kó jẹ́ kí n ka iṣẹ́ mi fún un. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ṣì mú. Ó fi tẹ̀súbáà rẹ̀ sórí ẹsẹ̀.

Mo ka imí eṣú. Ó ní ẹ̀n-ẹ́n. Mo ka rínrín. Ó ní ẹ̀n-ẹ́n. Mo ka Onífìlà-pupa.

"Ta nìyẹn?" ló béèrè.

"Igi ni, Ìyá. Èyí tí òdòdó rẹ̀ pupa."

"Orúrù?"

"Rárá, Onífìlà-pupa. Èyí tó tẹ̀lé e ni Múgbádán. Ewé rẹ̀ le, wọ́n fi ń—"

"Eépín nìyẹn. Ọmọ mi, ta lo bá wọ igbó?"

Mo ní Ìyá Ojoku ni. Èjìká Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Mo rò pé àárẹ̀ ló mú un, kí n tó mọ̀ pé ẹ̀rín ni. Ó di ògiri mú. Ó pe ìyàwó rẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé, Ìyá Ojoku sì dé, ó kúnlẹ̀, ògì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyàwó. Igi tó ń so èso kíkan rúsúrúsú yẹn, tí àwọn ọmọ ń ṣa ní ìgbà òjò. Kí lẹ̀ ń pè é ní Ojoku, nílé bàbá rẹ?"

Ìyá Ojoku wo ilẹ̀. "Ìyá, ti Ojoku nìyẹn. Ọmọ ilé ni mo jẹ́ níbẹ̀."

"Ti Ọ̀fà wá ńkọ́?"

"Ti Ọ̀fà, mo bá wọn níbí ni. Kanmílẹ́nu ni mò ń pè wọ́n."

"Ìyeyè ló ń jẹ́," ni Ìyá Àgbà wí fún mi.

Ìyá Ojoku gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí ẹni tó gbọ́ tí wọ́n pe ọba lórúkọ lójúde.

Ìgbà náà ló tó yé mi. Gbogbo igi tó ti dúró nínú igbó náà kó tó wọlé ìyàwó, àgbà ló kà wọ́n sí, ìyàwó kì í sì í pe àgbà ilé ọkọ rẹ̀ lórúkọ. Àwọn koríko tó ń hù lọ́dọọdún, lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n dé. Tíìkì, ojú rẹ̀ ni wọ́n ṣe gbìn ín. Mo fi ìka ka ìwé mi. Nínú ogójì ewéko, mọ́kàndínlógún ló jẹ́ orúkọ tó jẹ́ pé èèyàn kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n láyé. Ọkọ̀ rélùwéè mi ń bọ̀ ní òwúrọ̀ ọ̀la. Mo rí ara mi nínú aṣọ iṣẹ́ ní Kàdúná, pẹ̀lú àkísà olóróró lọ́wọ́, mo ń fọ ẹ́ńjìnnì.

"Ìyá Ojoku, ẹ jọ̀ọ́," mo wí, "ẹ sọ orúkọ wọn fún mi. Ẹ sọ ọ́ sí mi létí, ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́."

"Àwọn fúnra wọn á gbọ́, Akọ̀wé mi." Omi sì lé sí i lójú. Mo rí i pé kì í ṣe agídí. Ó fẹ́ ràn mí lọ́wọ́ ju bí mo ṣe fẹ́ lọ, kò kàn lè ṣe é ni.

Mo kó àwọn ewé gbígbẹ náà fún Ìyá Àgbà. Ó fi ìka pa wọ́n, ó gbóòórùn wọn, ó mi orí. Ó ní ewé tí a ti tẹ̀ pẹlẹbẹ sáàárín bébà, bébà ló ń rùn.

"Ẹ mú mi dé ìdí wọn lọ́la," ló wí.

Ọdún mẹ́ta ti kọjá tí kò dé inú igbó náà, nítorí orúnkún rẹ̀. Àbúrò bàbá mi gbọ́, ó sì bọ́ síta.

"Ìyá, ọ̀nà yẹn ń yọ̀."

"Ìwọ gbé ẹrù ọmọ yìí lọ sí ibùdó rélùwéè, kí o jókòó tì í. Ṣé o mọ gáàdì tó ń fún ọkọ̀ náà láṣẹ kó gbéra?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n, Ìyá."

"Bí ó bá dé, bá a sọ̀rọ̀ títí wàá fi mọ̀ ọ́n."

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́ báyìí la bọ́ sọ́nà. Ìyá Àgbà fi ọ̀pá sí ọ̀tún, ó fi ọwọ́ òsì lé èjìká Ìyá Ojoku. Èmi ń rìn níwájú pẹ̀lú ìwé, mo ń ti òkúta kúrò lọ́nà. Ìkùukùu ṣì wà láàárín igi, òòrùn ń gba inú rẹ̀ kọjá ní ìlà gígùn-gígùn, àdàbà kan sì ń ké níbi kan tí a kò rí. Ìyá Àgbà dúró ní ẹnu ọ̀nà, ó fa èémí sínú.

"Ṣé gbogbo èyí wà níbí tí ẹ fi mí sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀?" ló wí.

Ó na ọ̀pá sí igi àkọ́kọ́. "Odán."

"Baálé Òjìji," ni Ìyá Ojoku wí. Ó sì sọ fún igi náà pé, "Ẹ má bínú. Ìyá wa ló pè yín, kì í ṣe èmi."

Mo fa ìlà sí àárín ojú ìwé, mo kọ méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń lọ. Orúrù, Onífìlà-pupa, ẹ má bínú. Eépín, Múgbádán, ẹ má bínú. Akòko, Ewé-oyè, ẹ má bínú. Nígbà tí a dé igi karùn-ún, Ìyá Àgbà ti ń dúró kó gbọ́ ti ìyàwó rẹ̀ kó tó sọ tirẹ̀.

"Kí lo pe èyí?"

"Adúró-gbọ́ràn, Ìyá. Kì í mì bí atẹ́gùn bá ń fẹ́."

"Ó mà rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Àyìn ni, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ti ìyàwó yìí dára ju tiwa lọ."

Ó ní kí n já èso ìyeyè fún òun. Ó jẹ mẹ́ta, ojú rẹ̀ sì fún pọ̀ bí ti ọmọdé. Ó tọ́ka sí ibi tó ti bọ́ sínú kòtò nígbà tó lóyún bàbá mi. Ó fẹ́ kí a padà lọ wo òdòdó orúrù lẹ́ẹ̀kan sí i. Ara mi kò balẹ̀, mo ń tẹ́tí sí ojú irin, bẹ́ẹ̀ n kò fẹ́ kó yára. Títí dòní n kò tíì rí ibi tí inú mi ti dùn tí àyà mi sì ń já tó bẹ́ẹ̀ nígbà kan náà.

Mo ti kọ méjìdínlógún nígbà tí fèrè ọkọ̀ dún lókèèrè. Ó ku ẹyọ kan. Òun ló tóbi jù lọ, ó wà ní òpin ọ̀nà níbi tí igbó ti kọjú sí ọ̀nà Ẹ̀rìn-Ilé. Èèyàn mẹ́rin kò lè na ọwọ́ yí i ká. Ẹ̀gún ṣóńṣó-ṣóńṣó wà lára rẹ̀, ewé rẹ̀ sì là bí ọwọ́ tó ya ìka. Bàbá Ẹlẹ́gùn-ún ni Ìyá Ojoku ti sọ fún mi.

Ìyá Àgbà dúró níwájú rẹ̀. Mo ti gbé gègé lé ìwé. Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí èjìká ìyàwó rẹ̀, ó sì tẹ eékún, eékún tó ń dùn ún yẹn náà.

"Ẹ kú ìdúró o, Ọkọ mi Àkọ́kọ́," ló wí.

Èmi àti Ìyá Ojoku wo ara wa.

"Ìyá," mo wí, "kí ni orúkọ rẹ̀?"

"Èmi?" Ó wò mí bí ẹni pé mo ní kó bọ́ gèlè lọ́jà. "Ẹ̀rìn-Ilé ni wọ́n ti gbé mi wá. Abẹ́ rẹ̀ níbí ni àwọn tó mú mi wá ti jókòó sinmi, tí àwọn ará ilé ọkọ mi sì ti wá pàdé mi. Ìyá ọkọ mi ní, 'Ẹni àkọ́kọ́ tí o bá nílé ọkọ rẹ nìyí, kí i.' Mo kí i. Láti ọjọ́ náà n kò pè é ní ohun mìíràn. Bàbá yín àgbà gan-an mọ̀."

Ìyá Ojoku sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì kéré.

"Ìyá, ọ̀sẹ̀ kejì tí mo wọlé, ẹ̀yin lẹ mú mi wá ṣẹ́gi níbí. Mo gbọ́ tí ẹ kí i bẹ́ẹ̀. Mo ní, háà, bí àwọn ìyàwó Ọ̀fà ṣe ń ṣe sí igi nìyí. Mo sì lọ wá orúkọ fún gbogbo wọn."

"Gbogbo wọn? Igi kan ṣoṣo yìí ni mo kí."

"Ẹ ò sọ fún mi pé ẹyọ kan ni."

"Ọdún mẹ́rìnlá?" ni Ìyá Àgbà wí.

"Ọdún mẹ́rìnlá, Ìyá. Mo máa ń há orúkọ wọn sórí ní òru kí n má baà gbàgbé."

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n di ara wọn mú, ọ̀pá bọ́ sílẹ̀. Wọ́n fẹ́ jókòó, ewúrẹ́ wà lórí ìjókòó, wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín, mo sì ń bẹ̀ wọ́n.

"Ìyá Ojoku, ẹ ti rí i báyìí pé kò sí irú àṣà bẹ́ẹ̀. Ẹ pe ẹyọ kan yìí fún mi."

Ó fi etí aṣọ nu ojú. "Akọ̀wé mi, ẹni tí mo ti ń sọ 'ẹ' sí láti ọdún mẹ́rìnlá, ṣé kí n kàn jí lónìí kí n máa pè é lórúkọ? Kí ni mo fẹ́ sọ fún un pé ó ṣe?"

Fèrè dún lẹ́ẹ̀kejì, nítòsí. Mo já ewé tútù kan lára igi náà, mo dọ̀bálẹ̀ fún àwọn méjèèjì lórí koríko, mo sì sáré. Mo gbọ́ ohùn Ìyá Àgbà lẹ́yìn mi.

"Bi ẹni tí kì í ṣe ìyàwó Ọ̀fà."

Ní ibùdó, àbúrò bàbá mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáàdì, ó ń sọ̀rọ̀ nípa bí wọ́n ṣe ń gbin iṣu. Ó ti mọ̀ ọ́n. Gáàdì náà ń béèrè bí ebè ṣe yẹ kó ga tó nígbà tí mo fò wọlé, ẹsẹ̀ mi kún fún ẹrẹ̀, bàtà mi wà lábẹ́ abíyá.

A ti kọjá Ìkìrun kí n tó rí ìgboyà na ewé náà sí ọkùnrin tó jókòó níwájú mi, télọ̀ kan tó di ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ mọ́ra bí ọmọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n ń pe èyí? Ẹ̀gún wà lára igi rẹ̀, ó tóbi gan-an."

Ó wo ewé, ó wo ìwé tí mo gbé lé ẹsẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ mi.

"Àràbà ni. Níbo ni wọ́n ti kọ́ ọ níwèé?"

Mo sọ ibi tí mo ń lọ. Gbogbo ẹni tó wà lórí àga méjèèjì rẹ́rìn-ín títí dé Òṣogbo. Mo ti mọ orúkọ àràbà kí n tó mọ ABD. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i ni.

Olùkọ́ wa ṣí ìwé náà ní ọjọ́ tí a wọlé. Ó ń fi ìka tẹ̀lé orúkọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo dúró, ẹrù mi wà ní ẹnu ọ̀nà, n kò tíì tú u. Ó ní àwọn orúkọ apá òsì dára. Ó béèrè ohun tí ti apá ọ̀tún jẹ́. Mo sọ ọ́ fún un, láti orí Baálé Òjìji. Nígbà tí mo dé orí Ọkọ mi Àkọ́kọ́, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó kọjú sí fèrèsé. Èjìká rẹ̀ ń mì bíi ti Ìyá Àgbà.

"Lọ tú ẹrù rẹ," ló wí, láìyíjú padà.

Mo kọ̀wé sí Kàdúná pé kí wọ́n fi ipò náà fún ẹlòmíràn.

Igbó Ìjọba kò sí mọ́. Ilé ló wà níbẹ̀ báyìí, àti ilé epo kan, àwọn ọlọ́kadà sì ń dúró de èrò níbi tí àràbà wà. Ìyá Àgbà ti lọ, Ìyá Ojoku náà ti lọ. Ṣùgbọ́n kí igbó náà tó tán, mo mú ìyàwó mi wá sílé láti Abẹ́òkúta. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Ojoku mú un lọ já ewé. Mo tẹ̀lé wọn lẹ́yìn, mo sì gbọ́ tó ń sọ fún un, igi lẹ́yìn igi, bí wọ́n ṣe ń kí wọn. Ìyàwó mi ń tẹ eékún fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ní àǹfààní láti sọ̀rọ̀. Mo dákẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ọmọ wa ń wakọ̀ gbé wa bọ̀ láti Ìlọrin. Orúrù kan dúró lẹ́bàá ọ̀nà, orí rẹ̀ pupa fòò. Ìyàwó mi sọ gíláàsì ọkọ̀ kalẹ̀, ó sì tẹ orí ba díẹ̀.

"Ẹ kú ìdúró o, Onífìlà-pupa," ló wí.

Ọmọ wa béèrè orúkọ tí igi náà ń jẹ́ gan-an. Ìyá rẹ̀ ní kó bi mí.